Rárá Àkọ́kọ́ Nílé Ọládòṣù

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn ẹnì kan rí, tí ẹ wá pa ẹnu mọ́ lọ́jọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ la ẹnu, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Wúrà fún yín. Mi ò ní pọ́n ọn, mi ò sì ní bú u. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni màá ṣe sọ ọ́.

Ìyániwúrà Ọládòṣù ni wọ́n sọ ọ́, Wúrà ni gbogbo ayé ń pè é. Gorton ni wọ́n bí i sí, ní Manchester, nínú ilé kan tó wà lẹ́yìn Hyde Road. Ẹnjiníà James Ọládòṣù ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ti wà nílùú òyìnbó láti 1961. Nọ́ọ̀sì ni Àmọ̀kẹ́, ìyá rẹ̀. Lọ́dún 1987 tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, Wúrà pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Ó ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn ní yunifásítì, òun náà ló sì ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin Yorùbá tó máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí ilé wọn, ní aago mẹ́rin gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Sátidé kan báyìí, Wúrà dé ibẹ̀ ṣáájú àwọn yòókù, ló bá ń gbọ́ ariwo láti ìta. Ó ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọmọkùnrin òyìnbó mẹ́ta ló bá nínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń fi gìtá àti ìlù da ilé Ọlọ́run rú.

“Ẹ jọ̀ọ́, àwa la ni ibí láti aago mẹ́rin!” Wúrà pariwo.

Èyí tó ń kọrin nínú wọn dá gìtá dúró, ó wo aago ara ògiri. “Ó ku ìṣẹ́jú méje.”

“Ẹ máa fi ìṣẹ́jú méje yẹn kó ẹrù yín.”

“Orin kan ló kù. Ìṣẹ́jú méjì ni. Orin tiwa kì í gùn, ìyà tó wà nínú ẹ̀ ló pọ̀.”

Wúrà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín pa á. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ o, èmi ni mo ń bá yín kó o wá sílé.

Charles Brennan lorúkọ ọmọkùnrin náà. Mayo ní ilẹ̀ Ireland ló ti wá, ó ń mọ bíríkì láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ó sì ń kọrin pọ́ǹkì ní Sátidé. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ pọ́ǹkì, orin tí wọ́n ń fi ìbínú kọ ni, ẹni tó bá sì mọ gìtá ta jù ni wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni The Damp Matches, ìṣáná tó ti rin. Charles ní ìdí tí àwọn fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ẹni tó gbọ́ orin àwọn ló sọ pé iná àwọn ò ní í tàn láéláé.

Láti ọjọ́ náà lọ, bí aago mẹ́rin bá lù, George onílù á kó ẹrù lọ, Charles á ní òun fẹ́ bá wọn to àga. Ẹni tó to àga tán, kí ló tún jókòó ṣe lẹ́yìn? Ó ń gbọ́ orin ni. Kò gbọ́ Yorùbá kan, àmọ́ bí wọ́n bá ti ń kọrin, kò ní í gbójú kúrò lára ẹni tó ń tẹ dùùrù. Nígbà tó yá, wọ́n ń rìn pọ̀ lọ ra chips ní Hyde Road. Nígbà tó tún yá, bọ́ọ̀sì mẹ́ta á kọjá kí wọ́n tó rántí pé bọ́ọ̀sì ni àwọn ń dúró dè. Charles fi oṣù kan gbáko kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Ìyániwúrà, nítorí ó ní òun ò lè fẹ́ràn ẹni tí òun ò lè pe orúkọ rẹ̀ délẹ̀. Ọjọ́ tó pè é já gaara, ara Wúrà gbọ̀n. Ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun.

Ta ni yóò sọ fún Dádì? Ọ̀rọ̀ di ti alárinà. Wúrà wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Àǹtí Fúnmi, àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń gbé ní ilé gogoro kan ní Pendleton.

“Òyìnbó?” Àǹtí Fúnmi gbé ife tíì kalẹ̀.

“Irish ni, Àǹtí.”

“Irish kì í ṣe òyìnbó ni?”

“Wọ́n ní àwọn àti òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ọ̀kan náà.”

“Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?”

“Bíríkìlà ni, mà. Ó tún ń kọrin.”

“Yéè! Wúrà, o fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi!”

Ṣùgbọ́n Àǹtí Fúnmi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ju àmàlà lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ránṣẹ́ pe Charles. Ó ní kó wá ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, kó de táì, kó mú ẹnì kan dání, torí ẹnìkan kì í dá wá tọrọ ìyàwó. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀. Ó kọ́ ọ bó ṣe máa ní “Ẹ káàsán, sà.” Gbogbo ẹ̀ ló kọ́ ọ tán, àfi ọ̀kan ṣoṣo. Kò sọ fún un pé rárá ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ.

Ẹ̀yin mọ̀. Nílé tiwa, bàbá kì í gbé ọmọ fúnni lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bí ẹni ta ewúrẹ́. Wọ́n á lé ọ, wàá padà wá. Wọ́n á tún lé ọ, wàá tún padà. Ọmọ náà kò ní í tètè ṣíhùn, alárinà á bẹ̀ ẹ́ títí kó tó wí pé ó dáa. Ìwọ̀nyí la fi ń mọ ẹni tó fẹ́ ọmọ. A ò kì í kọ́ ara wa, àfi bí ẹni pé inú omi ọmú la ti mu ún.

Oṣù kejì ọdún 1988 ni Charles wá. George tẹ̀ lé e, ó ti fi omi tẹ irun rẹ̀ tó máa ń dúró ṣánṣán mọ́lẹ̀. Charles dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹnjiníà Ọládòṣù ò tiẹ̀ mì.

“Kí ni mo lè ṣe fún ọ?”

“Mo fẹ́ fẹ́ Wúrà, sà.”

“Rárá.”

 George ní ṣinṣín tí wọ́n fi ṣe wọ́n lálejò lẹ́nu, kò lè jẹ ẹ́, kò lè gbé e mì.

“Ọmọ mi ò tí ì parí ìwé. Mi ò mọ bàbá rẹ, mi ò mọ ìdílé rẹ. Máa lọ.”

Charles dìde. Ó gbójú sókè wo Wúrà tó dúró lórí àtẹ̀gùn. “Wúrà?” ó ní. Wúrà tẹrí ba, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa. Kò fọhùn. Ó ń gbọ́ bí ọkàn òun ṣe ń lù, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn, torí lójú tirẹ̀, ohun gbogbo ń lọ bó ṣe yẹ.

Àwọn àlejò jáde, ilẹ̀kùn tì, Dádì bú sẹ́rìn-ín.

“Ọmọ yẹn láyà! Ó na gbogbo ara sílẹ̀! Àmọ̀kẹ́, ẹ̀ẹ̀melòó ni bàbá rẹ lé mi?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹrin.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ó tiẹ̀ da omi lé mi lórí lẹ́ẹ̀kan.” Ojú rẹ̀ wá rọ̀. “Nígbà tí mo dé ìlú yìí, tí mo ń wá yàrá, wọ́n kọ ọ́ sára fèrèsé pé àwọn ò fẹ́ dúdú, àwọn ò fẹ́ Irish. Pátákó kan náà ni wọ́n fi lé èmi àti àwọn èèyàn ọmọ yẹn. Kó padà wá. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, màá bèèrè ìdílé rẹ̀.”

Wúrà sá wọ yàrá rẹ̀, ó ń jó láìsí orin. Ìgbà tó jókòó ni iyèméjì wọ inú rẹ̀. Ṣé Charles mọ̀? Ta ni ì bá sọ fún un? Ó pe Àǹtí Fúnmi lórí fóònù.

“Àǹtí, ṣé kí n sọ fún un pé kó padà wá?”

“Má dán an wò! Ọmọbìnrin tó bá ń pe ọkọ padà, òun ló fi ara rẹ̀ lọ̀ ọ́. Bó bá fẹ́ ọ, á wá. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.”

Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àǹtí Fúnmi nìkan ló dá Wúrà dúró. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ó fẹ́ rí i pé ọkùnrin kan fẹ́ òun débi pé rárá ò lè dí i lọ́nà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Àwa obìnrin, a máa ń fẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi, mo kàn ń sọ ọ́ ni.

Ní Túsìdé, fóònù dún. Ìyá rẹ̀ gbé e. “Wúrà? Jẹ́ kí n wò ó bóyá ó wà nílé.” Wúrà tó dúró tì í mi orí, ó ń juwọ́. “Kò sí nílé o.” Ní Tọ́sìdé, ó tún pè. Wúrà tún mi orí. Ó tiẹ̀ yọ̀ǹda dùùrù fún ẹlòmíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó má bàa pàdé rẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Kó wá sílé. Ilé ni kó wá.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́, Àmọ̀kẹ́ din ẹran. Sọ́ńdè kejì, ó tún din ín. Wúrà á di irun tuntun, á jókòó sẹ́bàá fèrèsé láti aago mẹ́ta. Ní Sọ́ńdè kẹrin, Dádì ká ìwé ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀.

“Ṣé ara ọmọ Irish yẹn ò yá ni?”

Wúrà kò gbójú kúrò ní fèrèsé.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Wúrà ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó sáré lọ sí gbọ̀ngàn ní aago mẹ́ta Sátidé. Kò bá ẹnì kankan. Ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní àwọn ọmọ aláriwo yẹn ti padà sí Ireland, wọ́n lọ ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Wúrà kọ lẹ́tà mẹ́fà, ó ya mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Níbo ni ì bá fi ránṣẹ́ sí? Nígbà tó di àsìkò ìdánwò, ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìfẹ́ Charles kò ju rárá kan péré lọ. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó jókòó ṣe ìdánwò, ó sì yege.

Oṣù kẹwàá ọdún náà, Wúrà ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ́kọ́ọ̀dù kan láàárín ìlú ní ọ̀sán ọjọ́ Fúráídè, ló bá gbọ́ ohùn tó mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti gbé e lọ. Ó wọlé. Wọ́n ti kọ ọ́ sára pátákó: rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun ti The Damp Matches jáde lónìí, wọ́n ń bọ̀ wá kọ ọ́ níbí lọ́la, aago méjì. Orúkọ orin náà ni “Her Father Said No.”

Ó rà á. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ló dúró gbọ́ ọ délẹ̀, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ láàárín àwọn tó ń ra orin. Èyí ni ohun tí Charles ń pariwo lé gìtá lórí:

*Mo na gbogbo ara sílẹ̀ nílé wọn, bàbá rẹ̀ ní rárá.*
*Mo gbójú sókè, mo pè é lórúkọ, òun náà ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.*
*Mo pè lórí fóònù, ìyá rẹ̀ ní kò sí nílé,*
*mo sì ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń purọ́ fún mi.*

Wúrà gbé rẹ́kọ́ọ̀dù náà délé, kò bọ́ kóòtù. Ẹ̀rọ tí Dádì fi ń gbọ́ orin ìyìn ló gbé e lé. Dádì kọ́kọ́ fi ọwọ́ di etí. Ó wá yọ ọwọ́, ó tẹ̀ síwájú.

“Tún un lù.”

Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta. “Ó rò pé mo lé òun,” ó ní jẹ́jẹ́. “Ta ló yẹ kó sọ fún un?”

Ó pe Àǹtí Fúnmi. Àǹtí Fúnmi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo rò pé ó mọ̀. Àbí wọn kì í tọrọ ìyàwó nílùú wọn ni?”

Dádì gbé fóònù kalẹ̀. “Aago mélòó ni wọ́n ní lọ́la?”

“Aago méjì, sà. Dádì, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ìyàwó kì í lọ…”

“Mo mọ ohun tí wọn kì í ṣe. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ náà, èmi ni màá lọ kó o nílẹ̀.”

Ẹ wo Ẹnjiníà Ọládòṣù lọ́jọ́ kejì, nínú agbádá àti kóòtù òtútù lórí ẹ̀, láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n fi píìnì gún etí, tí irun wọn pupa tó sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé. Wọ́n là sọ́tùn-ún sósì fún un. Ọmọbìnrin kan gbé àga fún un, ó súre fún ọmọ náà. Ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo orin márààrún láìdi etí. Nígbà tí wọ́n dé orí tuntun yẹn, gbogbo ilé ń bá wọn pariwo rárá, rárá, rárá. Ẹ̀yìn àga bàbá rẹ̀ ni Wúrà dúró sí.

Wọ́n parí. Charles rí wọn. Ó funfun ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

“Ọmọ mi,” Dádì wí, “ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n lé èmi náà nílé bàbá ìyàwó mi.”

“Sà?”

“Rárá àkọ́kọ́ ni ti ọjọ́ yẹn. Ó yẹ kó o padà wá.”

“Ẹ ní kí n máa lọ, sà.”

“Mo ní kó o máa lọ. Mi ò ní kó o má padà. A ń retí rẹ. Sọ́ńdè mẹ́rin ni ìyá rẹ̀ fi din ẹran dè ọ́.”

Charles jókòó sórí àpótí gìtá rẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀melòó ni ǹ bá wá?”

“Bó o bá wá lẹ́ẹ̀kẹta, ǹ bá ní kí ìyá rẹ̀ gbé obì wá.”

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wá di ẹkún lójú gbogbo ènìyàn. Ọkàn Wúrà fò sókè. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn káńtà, ó gbé tíì lọ́wọ́, oyún rẹ̀ ti yọ.

“Charles? Kí ló ṣẹlẹ̀?”

Ó nu ojú. “Monica nìyí, sà. Láti Mayo. A máa ṣe ìgbéyàwó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

Àgbà ni Dádì. Kò jẹ́ kí ojú òun yí padà. Ó kí Monica kú oríire, ó ní Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, ó sì ń bi í léèrè nípa ìrìn àjò orí omi, kó lè yà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Charles àti Wúrà nìkan ló wá kù nídìí àpótí gìtá.

“O mọ̀?” Charles bi í.

“Mo mọ̀.”

“Láti ọjọ́ àkọ́kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ọ̀rọ̀ kan péré, Wúrà. Padà wá. Kí ló dé tó ò sọ ọ́?”

“Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o fẹ́ràn mi tó ẹni tó ń padà wá.”

“Mo fẹ́ràn rẹ. Bàbá rẹ ní kí n jáde, ìwọ dákẹ́, o sì fi fóònù sá fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí mo ti wá, ọkùnrin tó bá tún lọ kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìyẹn, ọlọ́pàá ni wọ́n ń pè sí i. Mo rò pé bí mo bá fẹ́ràn rẹ lóòótọ́, ó yẹ kí n fi ọ́ sílẹ̀.”

Wúrà la ẹnu.  Monica ti ń padà bọ̀, ó na ife tíì sí ọkọ rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí Wúrà bí ẹni rere.

Nínú bọ́ọ̀sì, Dádì yọ fìlà rẹ̀ lé orúnkún. “Dárí jì mí, ọmọ mi,” ó ní. “Ẹyin lohùn. Ẹnu mi ló fọ́ ọ.”

Ẹ rò ó wò, kí bàbá máa bẹ ọmọ! Ó rọrùn fún Wúrà láti gbà á bẹ́ẹ̀, kó gbé ẹ̀bi náà lé e lórí. Àmọ́ bí ẹlẹ́jọ́ bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi, kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

“Ẹ̀yin kọ́, Dádì. Èmi ni mo ní kí Mọ́mì sọ pé mi ò sí nílé. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù. Ó ń bẹ̀bẹ̀.”

 Dádì di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi dé Gorton.

Àwọn rédíò kan lu orin náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní ẹgbẹ́ náà ń gòkè bọ̀, wọ́n tún ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù méjì míì. Wúrà ò ra ìyẹn.

Ọdún márùn-ún kọjá. Wúrà ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù òògùn kan ní Cheetham Hill. Ní 1993, dókítà kan tó ń jẹ́ Oyèníran Fọláwẹ̀mí ní òun fẹ́ ẹ. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kò mu ọtí, kò gbé ohùn sókè, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀pá omi ilé tó ń kọ́ sí Ìbàdàn. Wúrà kò kórìíra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn rẹ̀ kì í lù bí ọkùnrin náà bá pe orúkọ rẹ̀. Oyèníran kó àwọn àgbà wá ní Sọ́ńdè kan. Dádì rí i pé ojú ìlú ni, kò lè fo àṣà. Ó wo ojú Wúrà kó tó sọ ọ́.

“Rárá,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò le. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n dìde, wọ́n kí i pé ó dàbọ̀.

Ní Sọ́ńdè kejì, aago mẹ́ta géérégé, agogo ẹnu ọ̀nà dún. Oyèníran ni, pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́rin, wọ́n ti ń dọ̀bálẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Fúnmi pariwo ayọ̀, ó bú sórin. Kò sẹ́ni tó sọ fún Oyèníran kó padà wá. Kò fi ọkàn gbígbóná padà, kò sùn láìjẹun, kò kọrin kankan. Ó kàn mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, bó ṣe mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

Àmọ̀kẹ́ bá ọmọ rẹ̀ ní kíṣìnì, tó fi orí kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, tó ń sunkún tí gbogbo èjìká rẹ̀ ń mì.

“Wúrà! Kí ló dé?”

“Ó padà wá, Mọ́mì.”

“Ṣé ohun ẹkún nìyẹn? Kì í ṣe ohun tó o fẹ́ ni?”

“Ohun tí mo fi díwọ̀n Charles nìyí,” Wúrà wí. “Mọ́mì, kò díwọ̀n nǹkan kan. Ẹnikẹ́ni ló lè padà wá.”

Àmọ̀kẹ́ fà á mọ́ra. Nínú pálọ̀, Dádì ò dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta mọ́, ó ti ń bèèrè ìdílé. Wọ́n ń pe Wúrà kó gbé obì wá. Ó bọ́jú pẹ̀lú omi tútù, ó gbé àwo obì, ó sì jáde lọ bá wọn.